Orúkọ Kan Nínú Ìtàn Ọkọ̀ Ogun Bàbá

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí a sin bàbá àgbà mi, bàbá tó bí ìyá mi lọ́mọ, àwọn èèyàn ṣì ń pè wá lórí fóònù láti kí wa kú ará fẹ́ra kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹkún mi ò pọ̀. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni Bàbá. Orí àga wọn nílé wa ní Kettering, ní Maryland ti America, ni wọ́n sùn lọ sí lọ́sàn-án Sátidé kan, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà àti dòdò tán, tí wọ́n sì ti bá mi jà pé iyọ̀ inú ẹ̀wà náà kéré. Ohun tó ń dùn mí ni pé ilé dákẹ́ jù. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ìyẹn ti wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, àbúrò ìyá mi ló kọ ọ́, àsọdùn sì kún inú rẹ̀. Irú èèyàn tí Bàbá jẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Sójà ojú omi ni wọ́n. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n wọṣẹ́ náà ní kékeré, ọdún méjìlá péré ni wọ́n sì lò níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ di olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí wọn nínú ilé, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà mi kú tí ìyá mi lọ mú Bàbá wá sí Maryland, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì wa. Wọ́n pín ọjọ́ sí wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó wà lórí ìṣọ́ síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ìṣọ́ àárọ̀: Yétúndé, kó ìdọ̀tí síta. Ìṣọ́ ọ̀sán: Yétúndé, fọ abọ́. Mo bi wọ́n léèrè pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yòókù dà. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, wákàtí méjìlá ló ń ṣe nílé ìwòsàn, àwọn sì ni ọ̀gá. Bàbá máa ń pè mí ní Ìyá mi, nítorí pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má bú mi.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, Bàbá á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti lọ̀ títí tó fi le, wọ́n á sì máa yẹ ilé wò láti yàrá dé yàrá. Kálukú gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Wọ́n á fi ìka nu orí fíríìjì, wọ́n á gbé ìka náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan, ìyẹn ló sì burú jù. Àbúrò ìyá mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Ọ́ńkù Dèjì, apòògùn tó ní ilé ńlá sáàárín igbó ní Accokeek, wá sùn sílé wa lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. A rò pé Bàbá á fo yàrá àlejò. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi máa lù, Ọ́ńkù Dèjì, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ti dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò sì pè wọ́n. Bàbá wò wọ́n lókè, wò wọ́n nílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ṣe dáadáa. Ó ku abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọ̀rọ̀ omi ni ìjà èmi àti Bàbá tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ ìfọbọ́ wa, ọ̀tá wọn ni. Ààbọ̀ báàkẹ́tì ni wọ́n fi ń wẹ̀, wọ́n á sì fi èyí tó bá kù fọ ṣọ́ọ̀sì. Bí mo bá ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ eyín, wọ́n á wá kanlẹ̀kùn. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé omi ò wọ́n ní America, odò Potomac gan-an ò jìnnà sí ilé Ọ́ńkù Dèjì. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ta ló máa pọn òmíràn fún ẹ láàárín òkun?" Mo wo ojú fèrèsé. Ọkọ̀ aládùúgbò wa àti àpótí lẹ́tà ni mo rí.

Ọkọ̀ ojú omi tí Bàbá ti kọ́ gbogbo èyí kì í ṣe tiwa. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dẹsitirọ́yà, ọkọ̀ ogun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kọjá lójú òkun kí ọ̀tá má bàa rì wọ́n. Bàbá mọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni mọ ìtàn ìdílé. Scotland ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kàn án nígbà ogun Hítílà. Kò tíì mọ ojú òkun dáadáa tí wọ́n fi rán an lọ sí àríwá, níbi tí yìnyín ti ń dì mọ́ ara ọkọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi òòlù gbá a kúrò kí ìwúwo rẹ̀ má bàa dojú ọkọ̀ dé. Ó fa èèyàn yọ láàyè nínú omi. Bọ́ǹbù bà á nídìí, ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ délé, wọ́n fi irin dí ihò náà, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ogun, wọ́n so ó mọ́ èbúté, ó ń dípẹtà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n tó tún un ṣe tí wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Ìgbà yẹn ni orílẹ̀-èdè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí ìjọba rán ọmọkùnrin mẹ́fà lọ síbẹ̀, Bàbá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìdí bọ́ílà ni ọ̀gá ọkọ̀ fi Bàbá sí, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí epo ti ń jó tí omi ń hó di ooru tó ń ti ọkọ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n ta irin rẹ̀. Bàbá máa ń gbé abẹ ìfárùngbọ̀n wọn sókè níwájú dígí, wọ́n á ní, "Ó lè jẹ́ òun rèé."

Iná kan wà nínú ìtàn ọkọ̀ náà tí gbogbo ìdílé wa mọ̀ sórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òkun ń ru, páìpù epo kan bẹ́ níwájú bọ́ílà, iná sì sọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gun àkàsọ̀ sá lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló padà. Ó rákò gba abẹ́ iná náà kọjá, ó sì yí fáàfù epo pa. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá kú lọ́jọ́ náà. Ìwé ẹ̀yẹ tí ọ̀gá ọkọ̀ fọwọ́ sí wà lára ògiri pálọ̀ wa nínú gíláàsì, orúkọ Bàbá ló sì wà níbẹ̀. Ìyá mi ló máa ń sọ ìtàn yìí fún àlejò. Bàbá fúnra wọn kì í sọ ọ́. A rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, iná yẹn ni mo fi kọ àròkọ mi. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó rákò wọnú iná ló wà nínú iṣan mi, ilé ẹ̀kọ́ náà gbà mí, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní ìjọ Áńgílíkà tí à ń lọ, ọjọ́ Ìsinmi kan wà nínú oṣù kọkànlá tí àlùfáà máa ń pe àwọn tó ti ṣe sójà rí jáde. Bàbá á jáde, ìjọ á pàtẹ́wọ́, Bàbá á yára padà síjòókòó bí ẹni pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ímeèlì kan wọlé sínú fóònù mi láti England. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà ń kó ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé, láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ omi títí dé ọjọ́ tí wọ́n tú u palẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fẹ́ kí Bàbá yẹ ojú ìwé tó jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa mẹ́fà wò, nítorí nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Bàbá nìkan ló kù láyé. Mo lọ tẹ ìwé náà jáde ní ibi ìkàwé ní Largo, mo gbé e délé. Bàbá jókòó sídìí tábìlì kíṣìnnì pẹ̀lú gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, inú wọn ń dùn, wọ́n ń rí àṣìṣe lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan ojú ìwé iná. Wọ́n gbé gíláàsì sílẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, "kì í ṣe èmi ni mo pa iná yẹn."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi rèé. Òkun ti ń ru fún ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá ń bì ṣáá. Wọ́n ti fi ara wọn hàn dókítà ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bàbá ò yẹ fún iṣẹ́ ojú omi, wọ́n á sì dá wọn padà sílé. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà nídìí bọ́ílà, Fọlọ́runṣọ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ọmọ Ìlàjẹ, tí wọ́n bí sórí omi, tí òkun kì í dà láàmú. Fọlọ́runṣọ́ ní kí Bàbá lọ dùbúlẹ̀, ó sì lọ dúró lórí ìṣọ́ Bàbá láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èèwọ̀ ni lórí ọkọ̀ ogun. Ìṣọ́ yẹn ni iná sọ, Fọlọ́runṣọ́ ló sì rákò wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá tó wà nísàlẹ̀ rí ọmọ dúdú kan nínú èéfín, ó lọ wo ìwé ìṣọ́, ó rí orúkọ Bàbá. Ọmọ dúdú méjì péré ló wà nídìí bọ́ílà. Fọlọ́runṣọ́ fi orí kan ga ju Bàbá lọ, síbẹ̀ ọ̀gá náà ò mọ èwo ni èwo.

Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ pe Bàbá jáde láti yìn wọ́n, Bàbá la ẹnu láti sọ òótọ́. Fọlọ́runṣọ́ tó dúró lẹ́yìn fi bàtà tẹ̀ wọ́n ní gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé bí Bàbá bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé Bàbá nítorí pé Bàbá fi ìṣọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì lé òun nítorí pé òun dúró lórí ìṣọ́ tí kì í ṣe tòun. Iná ti jó o lápá, ṣùgbọ́n ó sọ fún dókítà pé tíì gbígbóná ló dà sóun lápá. Ìwé ẹ̀yẹ náà ló sọ Bàbá di olùkọ́ àwọn sójà tuntun nígbà tí wọ́n padà délé. Fọlọ́runṣọ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lórí omi ní agbègbè Ìgbókọ̀dá. Gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé tí Bàbá bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín, á sì béèrè nípa àwọn ọmọ. Ìgbà tí Bàbá gbọ́ pé ó kú, wọ́n ti sin ín tán.

Mo bínú. Mi ò ní fi pamọ́, mo bínú sí arúgbó náà gan-an.

"Bàbá, ẹ mọ essay tí mo fi wọ university," ni mo wí. "Ẹ kà á. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò stop mi?"

"Mo kà á," ni wọ́n wí. "Ó dùn. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ìyá mi tún le jù mí lọ. Wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ta ló bi yín? Ó ti lé ní sixty years. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti lọ. Ṣé kí n wá sọ fún church pé certificate tó wà lára wall mi, kì í ṣe tiyín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá dáhùn. "Kì í ṣe tèmi."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá mi ò fi bá Bàbá sọ̀rọ̀ àfi ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi náà ń wo ìwò ìkà. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi ìdákẹ́ dẹ́rù bà. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé bí ìwé náà bá jáde bẹ́ẹ̀, tí àwọn náà sì kú, kò ní sí ẹnikẹ́ni láyé mọ́ tó mọ̀ pé Fọlọ́runṣọ́ wọ inú iná kankan. Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní gbangba bẹ́ẹ̀, ìbínú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní kí n wá rúlà àti bíró pupa. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ogun, èèyàn kì í pa àṣìṣe rẹ́, kì í sì í ya ojú ìwé dànù. Ìlà kan ṣoṣo ni à ń fà sórí rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tó bá wo ibẹ̀ lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A óò kọ òótọ́ sókè rẹ̀, ẹni tó ṣàtúnṣe á sì fọwọ́ sí i. Mo na ọwọ́ láti bá wọn di rúlà mú, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n fa ìlà sórí orúkọ ara wọn. Wọ́n kọ orúkọ Fọlọ́runṣọ́ àti ti bàbá rẹ̀ sókè, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n kọ déètì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ìwé náà padà, wọ́n sì kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ìṣọ́ tí wọ́n pààrọ̀ àti ibi tí àwọn fúnra wọn dùbúlẹ̀ sí. Ó gbà wọ́n títí di ọ̀sán.

Ìyá mi ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n ń wò wá. Nígbà tí Bàbá ń dé bíró, ìyá mi lọ sí pálọ̀, wọ́n gbé ìwé ẹ̀yẹ náà kúrò lára ògiri, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gíláàsì, wọ́n sì tẹ́ ẹ síwájú Bàbá.

"Ẹ fàlà sí èyí náà," ni wọ́n wí.

Bàbá tún ṣí bíró, wọ́n sì mú rúlà. Ìyá mi dá ìwé náà padà sínú gíláàsì, wọ́n sì gbé e kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìlà pupa rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Àlejò máa ń bi wá léèrè, a sì máa ń dáhùn.

Nígbà tí oṣù kọkànlá pé, àlùfáà tún pe Bàbá jáde. Bàbá gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn mẹ́ta. Ìjọ pàtẹ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń lọ sílé, Bàbá ń kùn pé àwọn ò mọ ohun tí ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún, wọ́n sì bá mi jà pé mo ń sáré jù.

Ó wá ku ohun kan. Àwọn tó ń ṣe ìwé náà ti gba àtúnṣe wa, wọ́n sì sún ọjọ́ ìtẹ̀wé síwájú nítorí pé wọ́n fẹ́ àwòrán Fọlọ́runṣọ́. Nọ́ọ̀sì kan wà níbi iṣẹ́ ìyá mi, ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé ní Springdale. Ó bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ nílé, kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nọ́ńbà kan fi tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ti ọmọ Fọlọ́runṣọ́ obìnrin ni, Ìyáàfin Mọ́rẹ́nikẹ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sí Òkìtìpupa.

Bàbá ò fẹ́ pè é. Lónìí wọ́n á ní agogo tiwọn lọ́hùn-ún ti lọ jù, lọ́la wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ò dáa. Ẹni tó ti rí ìgbì òkun tó ga ju ilé lọ, fóònù ń bà wọ́n lẹ́rù. Nígbà tí mo fúngun mọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ti fi ẹ̀yẹ bàbá obìnrin náà jẹ oúnjẹ, kí ni àwọn máa sọ bó bá bú àwọn. Mo ní bó bá bú yín, Bàbá, ẹ gbà á. Wọ́n ní kí n lọ wá táì fún àwọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ni a pè é lórí fídíò. Èmi ni mo di fóònù mú. Obìnrin tó ga ni Ìyáàfin Mọ́rẹ́nikẹ́, ó fi awò ojú lé orí, ó kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá ò tiẹ̀ jẹ́ kó kí wọn tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, láti orí èébì títí dé orí ìwé ẹ̀yẹ, wọn ò wo ojú fóònù, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò. Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin náà fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ sójú.

"Bàbá," ni ó wí, "a mọ̀."

Bàbá gbójú sókè.

"Bàbá mi sọ fún wa. Wọ́n fi ojú iná tó wà ní apá wọn hàn wá. Inú máa ń bí àwa ọmọ nígbà yẹn. A ní kí ló dé tí wọn ò lọ gba nǹkan wọn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn ló ń bá àwọn tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ní ẹ máa gbé e wá."

Bàbá yọ awò ojú wọn. Mo ti gbé ayé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mi ò rí i rí kí wọ́n sunkún, mo sì rí i lọ́jọ́ náà, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ mi, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Gbà á."